Fíùsì, Wáyà àti Ìjàpá: Ohun Tó Ń Jó Ọkọ̀ Àtijọ́

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó jogún ọkọ̀ lọ́wọ́ bàbá tàbí bàbá àgbà, ẹ káàbọ̀. Àwọn tó pè mí ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìtọ́jú ọkọ̀ àtijọ́. Mo ní ọ̀rọ̀ yẹn pọ̀ ju ọ̀sán kan lọ, pé ẹyọ kan ni màá mú níbẹ̀: iná tó ń ti ara wáyà ràn. Ọkọ̀ tó bá dípẹtà, pánẹ́ẹ̀lì-bítà á tún un ṣe. Èyí tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ bá kú, a ó wá òmíràn lọ sí Ládípọ̀ tàbí Gate n'Ìbàdàn níbí. Èyí tó bá jó, ó jó nìyẹn.

Kí ni mo ń pè ní ọkọ̀ àtijọ́? Ẹgbẹ́ àwọn tó ní irú ọkọ̀ báyìí ní Amẹ́ríkà, AACA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1935, ní ọkọ̀ tó bá ti pé ọdún 25 ti kúrò ní ọmọdé. Tí a bá fi òṣùwọ̀n yẹn wọn tiwa, dánfó púpọ̀ l'Ékòó yẹ fún àmì ẹ̀yẹ. Nítorí náà, ọkọ̀ tí wọ́n ṣe kí kọ̀ǹpútà tó wọ inú ọkọ̀ ni mò ń bá wí: Morris Minor, Peugeot 404 àti 504, Mercedes 123, àti Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá. Ìjàpá ni màá fi ṣàlàyé jù, torí òun ló pọ̀ jù nínú àwọn tí ẹ gbé síta yẹn. Ó lé ní mílíọ̀nù 21 rẹ̀ tí wọ́n ṣe lágbàáyé kí èyí tó kẹ́yìn tó jáde ní Puebla, ní Mẹ́síkò, lóṣù keje 2003. Àwa náà kópa níbẹ̀: ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen l'Ékòó, lójú ọ̀nà Badagry.

Ẹnìkan á sọ pé bátìrì ọkọ̀ kò ju fóltì 12 lọ, pé òun máa ń fọwọ́ kàn án, kì í gbọn òun. Òótọ́ ni, kò ní gbọ̀n yín. Ṣùgbọ́n kì í ṣe fóltì ló ń jó wáyà. Kọ́rẹ́ǹtì ni. Sípánà tó bá ṣèèṣì kan orí bátìrì méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún áńpù, ìyẹn òṣùwọ̀n kọ́rẹ́ǹtì, ló máa gba ara rẹ̀ kọjá. Ẹ jẹ́ ká ní 500 ni, ká sì ní fóltì bátìrì wọlẹ̀ dé 8 nítorí ìnira yẹn. Wáàtì 4,000 nìyẹn, lójú ibi tí kò ju sípánà kan lọ. Irin náà á pọ́n, á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó bá ní òrùka lọ́wọ́ nígbà yẹn, ìka rẹ̀ ló máa sọ ìtàn fún dókítà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé gbogbo páànù ọkọ̀ yín, láti bọ́nẹ́ẹ̀tì dé búùtù, orí bátìrì kan ni. Wọ́n ti so négétífù mọ́ ọn. Níbikíbi tí wáyà pósítífù bá ti bó, tó sì fara kan irin, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí sípánà yẹn ló máa ṣẹlẹ̀ sí wáyà. Ọ̀nà àkọ́kọ́ tí iná ń gbà bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, òun sì ni gbogbo èèyàn mọ̀.

Ọ̀nà kejì kì í pariwo. Ibi tí wáyà ti so mọ́ nǹkan ti tú díẹ̀, tàbí ó ti dípẹtà, kò sì fẹ́ jẹ́ kí kọ́rẹ́ǹtì kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Tí ìdíwọ́ ibẹ̀ bá tó ìdámẹ́wàá óòmù kan péré, tí áńpù 10 sì ń gba ibẹ̀ lọ sí iná iwájú, wáàtì 10 ló ń di ooru lójú ibi tí kò tó èékánná. Ooru yẹn á mú kó túbọ̀ dípẹtà, ìpẹtà á tún mú kó gbóná sí i. Lọ́jọ́ kan, ike tó wà níbẹ̀ á yọ́. Ẹ wá gbọ́ èyí tó ń dùn mí: fíùsì kò ní já. Kí ló fẹ́ já sí? Kọ́rẹ́ǹtì kò pọ̀ sí i. Bí ó bá tiẹ̀ yí padà, ṣe ló dín kù. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń bá àpótí fíùsì tó ti yọ́, tí gbogbo fíùsì inú rẹ̀ sì wà láàyè.

Ọ̀rọ̀ fíùsì yìí gan-an ni mo bá wá. Tí mo bá bi àwọn oníbàárà mi léèrè ohun tí fíùsì ń ṣe, wọ́n á ní ó ń dáàbò bo rédíò, tàbí wáípà, tàbí iná. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wáyà ni fíùsì ń ṣọ́. Rédíò tí nǹkan ti já nínú rẹ̀ ti bàjẹ́ kí fíùsì tó mọ̀. Ohun tí fíùsì lè ṣe ni pé kò ní jẹ́ kí àìsàn rédíò di iná lára wáyà tó lọ bá a. Nítorí náà, bí wáyà ṣe nípọn tó ni a fi ń mú fíùsì, kì í ṣe bí nǹkan tó wà lórí rẹ̀ ṣe tóbi tó. Wáyà tó lè gbé áńpù 15 láìgbóná, tí ẹ bá fi fíùsì 30 sí i, wáyà náà ti di fíùsì fún ara rẹ̀, abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì yín ni yóò sì ti já.

Mo máa ń fi fíùsì wé máígàádì. Tó bá dúró sẹ́nu géètì, gbogbo ohun tó wà nínú ọgbà ló ń ṣọ́. Tí ẹ bá ní kó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ àgbàlá mọ́. Wáyà tó wà láàárín bátìrì àti fíùsì ni àgbàlá. Nínú ọkọ̀ òde òní, fíùsì ńlá wà létí bátìrì. Nínú ọkọ̀ àtijọ́, àgbàlá náà lè gùn láti ìdí ọkọ̀ dé orí rẹ̀.

Ẹ wo Ìjàpá. Bátìrì rẹ̀ wà lábẹ́ àga ẹ̀yìn, lápá ọ̀tún. Okùn ńlá kan ti ibẹ̀ lọ sí sítátà. Wáyà pupa kan sì wà tó gbé iná láti ẹ̀yìn, tó gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lọ sí iwájú, tó lọ bá súìṣì iná àti kọ́kọ́rọ́ kó tó kan àpótí fíùsì lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Kò sí fíùsì kankan lójú ọ̀nà yẹn. Wáyà tó tún ti ẹnu kọ́kọ́rọ́ padà sẹ́yìn lọ bá kọ́ìlì, èyí tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná, kò ní fíùsì bákan náà. Àwọn ará Jámánì tó ṣe é kì í ṣe òmùgọ̀. Wọn ò fẹ́ kí ẹ́ńjìnì kú sójú títì nítorí fíùsì kan, wọ́n sì gbà pé wáyà tí wọ́n bò dáadáa, tí wọ́n so mọ́lẹ̀ dáadáa, kò ní bó. Nígbà tó jẹ́ tuntun, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ṣùgbọ́n wáyà yẹn ti dàgbà ju ọ̀pọ̀ nínú yín lọ. Rọ́bà rẹ̀ ti gan. Eku ti tọ́ ọ wò. Àwa ríwáyà náà ti gé e, a ti lẹ ohun tí kò sí níbẹ̀ mọ́ ọn, a sì ti fi téèpù wé e.

Ọkọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì tún wá kó nǹkan lé e. Morris Minor tí àwọn bàbá wa gùn, fíùsì méjì ló ní. Iná iwájú kò sì sí lábẹ́ ìkankan nínú méjèèjì. Lára fíùsì tó wà níbẹ̀, tí Lucas, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe nǹkan iná fún ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe, wọ́n kọ 35. Ohun tí Lucas ń wí ni pé tí kọ́rẹ́ǹtì bá dé 35, ó máa já. Èyí tó lè gbé látàárọ̀ dalẹ́ kò ju nǹkan bí 17 lọ. Ẹ wá lọ ra fíùsì Amẹ́ríkà tí wọ́n kọ 35 sí. Ìyẹn á gbé 35 láìmira. Ẹ ti sọ agbára rẹ̀ di ìlọ́po méjì, ẹ sì rò pé ohun kan náà lẹ fi pààrọ̀ ara wọn. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ọdún 1950 sí àárín 1960 ló tún jẹ́ pé pósítífù ni wọ́n so mọ́ ara ọkọ̀, kì í ṣe négétífù. Ríwáyà tí kò bá mọ̀, tó de bátìrì bó ṣe máa ń de ti Toyota, rédíò àti dáínámò, èyí tó ń ṣe iná fún ọkọ̀, ló máa kọ́kọ́ fi ṣòfò.

Ní ti tiwa nílẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. Fíùsì já lójú ọ̀nà, ilẹ̀ ti ṣú, kò sí òmíràn. Ẹnìkan bá mú bébà fàdákà inú páálí sìgá, ó wé e mọ́ ọn. Tàbí ó yọ okùn wáyà kan, ó fi so ó. Ẹ dé ilé láyọ̀. Kò sẹ́ni tó rántí mọ́ títí di ọdún kẹta. Okùn bàbà tó nípọn tó mìlímítà kan, nǹkan bí áńpù 80 ló máa gbà kó tó yọ́. Wáyà inú ọkọ̀ tí ẹ ní ó ń ṣọ́ á ti bó rọ́bà sílẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí àkókò yẹn tó tó. Ẹ fi fíùsì tuntun mẹ́wàá sínú àpótí ìbọ̀wọ́. Owó wọn kò pọ̀. Tí ẹ bá ní Ìjàpá tàbí Mercedes àtijọ́, ẹ ra èyí tí ara rẹ̀ jẹ́ tánganran, ẹ má ra oníke, torí ike máa ń rọ̀ nígbà tí ibẹ̀ bá gbóná, á wá tú kúrò lẹ́nu irin tó dì í mú. Funfun ni ti áńpù 8, pupa ni ti 16. Lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, ẹ yí fíùsì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìka lẹ́nu ibi tó wà, kí ìpẹtà ẹnu rẹ̀ lè ha kúrò. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, òun ló sì ń gba ọ̀pọ̀ àpótí fíùsì là.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí àga ẹ̀yìn Ìjàpá, torí mi ò mọ ọkọ̀ mìíràn tí wọ́n gbé iná sábẹ́ ìdí èrò báyìí. Irin sípíríìnì ló wà nínú àga yẹn, okùn èèpo àgbọn tàbí irun ẹran ni wọ́n sì fi kún un. Bátìrì wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an. Ilé iṣẹ́ ṣe ọmọrí sí bátìrì náà, ẹ̀yin tí ẹ ní Ìjàpá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ nawọ́ sókè tí ọmọrí tiyín bá ṣì wà. Mo rí ọwọ́ méjì. Ẹ ṣeun. Àwọn tó kù, ẹ tẹ́tí. Lọ́jọ́ tí bátìrì àkọ́kọ́ kú, wọ́n ra òmíràn tó ga díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, ọmọrí kò bò ó mọ́, wọ́n bá jù ú síta. Níjọ́ kan, ẹ gbé àbúrò ìyá yín méjì tí ara wọn tóbi lọ síbi ìnáwó. Ọkọ̀ já sí kòtò. Sípíríìnì tẹ̀ wálẹ̀, ó kan orí pósítífù. Ìsàlẹ̀ àga náà sì ti kan ara ọkọ̀ láti àárọ̀. Kò sí fíùsì láàárín wọn. Sípíríìnì á pọ́n, èèpo àgbọn á gbiná, èéfín á sì máa jáde lábẹ́ aṣọ ẹbí. Ẹ ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ní gbogbo ilẹ̀ tí Ìjàpá ti rìn ni àwọn tó ń tún un ṣe ti mọ ìtàn yìí, kì í ṣe tiwa nìkan.

Ohun tó máa dá a dúró kò wọ́n. Ẹ ra bátìrì tó bá àyè ibẹ̀ mu, kó má ga jù. Ẹ fi irin ìdìmú dè é mọ́lẹ̀ kó má lè rìn. Ẹ wá ọmọrí rẹ̀; tí ẹ kò bá rí i, ẹ gé rọ́bà tó nípọn, kódà ti tíúbù ọkọ̀ ńlá, ẹ fi bo gbogbo orí rẹ̀, kí ẹ sì dè é kó má yọ̀. Ẹ fi fìlà rọ́bà dé orí pósítífù. Lẹ́yìn náà, ẹ fi súìṣì ńlá sí okùn tó so bátìrì mọ́ ara ọkọ̀, irú èyí tí ọwọ́ ń yí, kí ẹ sì gbé e síbi tí awakọ̀ lè nawọ́ bá láti orí àga rẹ̀. Ẹ má gbé e sábẹ́ àga ẹ̀yìn kan náà. Ẹni tí èéfín ti bá lójijì kò ní ráyè ká àga.

Fíùsì géètì wá ńkọ́? Wáyà pupa tó ń lọ síwájú yẹn ni ẹ máa fi sí, ní ìwọ̀n ìbú ọwọ́ kan sí bátìrì. Tí ojú bàbà inú wáyà náà bá fẹ̀ tó mìlímítà mẹ́rin onígun mẹ́rin (4 mm²), fíùsì 40 tó. Okùn sítátà nìkan ni a kì í fi fíùsì sí, torí ọgọ́rọ̀ọ̀rún áńpù ló ń gbà nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń jí. Nítorí pé kò ní ẹ̀ṣọ́, òun ló yẹ kí ẹ ṣàyẹ̀wò jù: ẹ wo ibi tó ti kan irin, ibi tó ti súnmọ́ ìgbóná ẹ́ńjìnì, ibi tó ti gba ihò páànù kọjá. Ihò páànù yẹn, ẹnu rẹ̀ mú. Rọ́bà kékeré róbótó kan ló yẹ kó wà níbẹ̀. Nínú ọkọ̀ tí wọ́n ti kùn lẹ́ẹ̀mejì, rọ́bà náà kì í sí níbẹ̀ mọ́, torí àwọn akunlé-kunkọ̀ wa kò rí iṣẹ́ tó ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa gílóòbù. Iná iwájú méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 55, áńpù mẹ́sàn-án ló ń gbà lórí bátìrì fóltì 12. Lórí Ìjàpá fóltì 6, ìyẹn ọ̀pọ̀ èyí tó ṣáájú 1967, ìlọ́po méjì ni: áńpù 18. Ẹ̀yin wá ra wáàtì 100 méjì lọ́jà torí ẹ fẹ́ ríran lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́. Ó ti di áńpù 17 lórí fóltì 12, gbogbo rẹ̀ ló sì ń gba súìṣì kékeré inú dáṣíbọ́ọ̀dù kọjá. Súìṣì náà ló ń gbóná tí ẹ ń gbọ́ òórùn ike. Ẹ fi rílè sí i, ìyẹn súìṣì tí iná kékeré fi ń ṣí ọ̀nà fún iná ńlá. Wáyà tó nípọn, tó ní fíùsì, á gbé iná láti bátìrì tààrà dé gílóòbù; súìṣì àtijọ́ á kàn máa pàṣẹ fún rílè, àṣẹ yẹn kò sì tó ìdajì áńpù. Iná yín tún máa mọ́lẹ̀ sí i, torí kò sí ibi tí fóltì ti ń sọnù lójú ọ̀nà. Púpọ̀ nínú àwọn tó ra wáàtì 100, ti 55 yẹn gan-an ì bá tó wọn tí wọ́n bá tún wáyà ṣe.

Irú ọ̀rọ̀ kan náà ni ti àwọn tó yọ dáínámò áńpù 30, tí wọ́n fi alternator ọkọ̀ tuntun sí i, tí wọ́n sì fi wáyà àtijọ́ sílẹ̀. Wáyà tí wọ́n ṣe fún 30 ti wá di ọ̀nà fún 70. Tí mítà áńpù bá wà nínú dáṣíbọ́ọ̀dù yín, gbogbo kọ́rẹ́ǹtì ọkọ̀, yàtọ̀ sí ti sítátà, ló ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ fura sí i. Àti ẹ̀rọ orin, fáànù, ṣájà fóònù, gbogbo èyí tí ọmọ iṣẹ́ lẹ̀ mọ́ wáyà ẹ̀yìn kọ́kọ́rọ́ torí ibẹ̀ ló rọrùn. Ẹ tú wọn kúrò níbẹ̀ lónìí. Ohun tuntun gbọ́dọ̀ ní wáyà tirẹ̀ àti fíùsì tirẹ̀.

Wáyà wo lẹ máa rà? Kì í ṣe wáyà ilé. Wáyà ilé olókùn kan máa ń ṣẹ́ nínú rọ́bà rẹ̀ nítorí gbígbọ̀n ọkọ̀, ẹ kò sì ní rí ibi tó ti ṣẹ́. Olókùn wẹ́wẹ́ púpọ̀ ni kí ẹ rà, kó sì jẹ́ bàbà tòótọ́. Ọjà kún fún èyí tó jẹ́ pé alumíníọ́mù ni inú rẹ̀, bàbà kàn wà lára rẹ̀. Ẹ fi bíléèdì ha okùn kan: tí inú rẹ̀ bá funfun, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Kì í gbé kọ́rẹ́ǹtì tó bàbà tó nípọn bákan náà, ó sì máa ń tètè tú lẹ́nu ibi tí wọ́n ti dì í. Ní ti dídì, lílọ́ wáyà méjì pọ̀ kí a fi téèpù wé e kì í ṣe iṣẹ́. Ooru wa níbí á yọ gọ́ọ̀mù téèpù náà kí ọdún tó yí. Ẹ lo ẹnu wáyà tí wọ́n ń fi páńsà rẹ̀ tẹ̀, ẹ fi ike tó ń súnkì nígbà tí iná bá kàn án bò ó.

Mi ò lè sọ̀rọ̀ wáyà kí n má dárúkọ epo, torí èéfín ike nìkan kì í sábà jó ọkọ̀ tán. Nínú Ìjàpá, pọ́ǹpù epo àti dìsìtíríbútọ̀ tó ń ṣáná wà létí ara wọn lórí ẹ́ńjìnì. Rọ́bà epo tó ti gbó wà lókè wọn. Páìpù idẹ kékeré tí epo ń gbà wọ káábúrétọ̀, wọ́n kàn tẹ̀ ẹ́ wọlé ni, ó sì máa ń yọ nígbà tó bá dàgbà. Bẹntiróòlù kò nílò ìgbóná kó tó ru. Ooru ojúmọ́ wa ti tó o. Àwọn kan máa ń rẹ́rìn-ín pé òórùn epo nínú Ìjàpá, àṣà rẹ̀ ni. Irọ́ ni o, nǹkan ń jò. Ẹ pààrọ̀ gbogbo rọ́bà epo, ẹ má wo bó ṣe rí lójú, ẹ fi kílíìpù dì í. Ohun mìíràn tún wà: irin mágínísíọ́mù ni wọ́n fi ṣe àgbá ẹ́ńjìnì yẹn. Tó bá gbiná, omi kò lè pa á, ṣe ló máa tan yanran. Èyí tó wà lọ́wọ́ yín ni ìṣẹ́jú àkọ́kọ́.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ọkọ̀ tó ti dúró sẹ́yìn ilé fún ọdún pípẹ́ kò ní ejò nínú? Ẹ má kàn de bátìrì mọ́ ọn. Ẹ mú gílóòbù fóltì 12 kan, ẹ fi sí àárín orí bátìrì àti okùn tó máa so mọ́ ara ọkọ̀, kọ́kọ́rọ́ kò gbọdọ̀ sí lẹ́nu rẹ̀, gbogbo ilẹ̀kùn kó sì wà ní títì. Tí gílóòbù bá tàn yòò, iná ń jò níbì kan, gílóòbù náà kò sì ní jẹ́ kó di ìjàǹbá. Tí kò bá tàn, ẹ fi mítà tó ń wọn kọ́rẹ́ǹtì rọ́pò rẹ̀. Ọkọ̀ àtijọ́ tí kò ní aago, tí kò ní àláàmù, òfo ló yẹ kí mítà kà. Kó tiẹ̀ jẹ́ díẹ̀ ló kà, ẹ máa yọ fíùsì lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi padà sí òfo. Tí ẹ bá yọ gbogbo wọn tán tí kò yí padà, àgbàlá tí kò sí máígàádì yẹn ni kí ẹ wá lọ.

Òmíràn kò gba mítà. Ẹ tan gbogbo iná, ẹ wakọ̀ fún ìṣẹ́jú 15, ẹ dúró, ẹ pa á, ẹ fọwọ́ tọ́ àpótí fíùsì wò, àti súìṣì iná, àti orí bátìrì. Ibi tó bá gbóná jù lọ, ibẹ̀ ló yẹ kí ríwáyà kọ́kọ́ dé. Ẹni tó bá mọ mítà lò, kó fi wọn fóltì láti orí bátìrì dé ẹnu gílóòbù nígbà tí iná bá tàn. Tí ohun tó sọnù lójú ọ̀nà bá ti ju ìdajì fóltì lọ, ooru ló dà.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ tú bátìrì, orí tó so mọ́ ara ọkọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, òun náà ni kí ẹ dè kẹ́yìn. Sípánà tó bá kan páànù nígbà yẹn kò lè ṣe nǹkan kan. Nígbà tí ọkọ̀ bá sì ń lọ sùn, ẹ yí súìṣì bátìrì. Ọkọ̀ yìí kò ní kọ̀ǹpútà tó ń ṣọ́ ọ lóru. Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn, àwa ń fi í sínú gáréèjì tó wà lábẹ́ yàrá ọmọ.

Tí èéfín bá wá jáde lójú ọ̀nà: ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ pa kọ́kọ́rọ́, ẹ yí súìṣì bátìrì, torí kọ́kọ́rọ́ nìkan kò dé wáyà tí mo ti ń sọ láti àárọ̀. Kí gbogbo èèyàn bọ́ sílẹ̀. Ẹ má ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì gbayawu. Afẹ́fẹ́ tó bá wọlé lẹ́ẹ̀kan náà ló máa gbé iná dìde. Ẹ ṣí i díẹ̀, ẹ fi ẹnu sìlíńdà panápaná sí àyè yẹn, ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ìdí iná, kì í ṣe sí ọwọ́ iná tó ń jó lókè. Tí ó bá kọ̀ tí kò kú, ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀, ẹ jìnnà, ẹ pe 112. Sìlíńdà náà, òfin ìrìnnà wa ti ní kó wà nínú gbogbo ọkọ̀. AACA tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan kì í jẹ́ kí ọkọ̀ wọ ìdíje tí kò bá ní. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ rà torí Road Safety, tó wà nínú búùtù lábẹ́ táyà àfipamọ́, tí atọ́ka rẹ̀ ti wà ní pupa láti ìgbà tí ẹ ti rà á, ẹrù ni. Ẹ dè é mọ́ iwájú àga awakọ̀.

Àyè ìbéèrè ti tó. Ọ̀gá kan nísàlẹ̀ yẹn ní bí òun bá fi rílè àti fíùsì tuntun sínú ọkọ̀ bàbá òun, ṣé òun kò ti ba ojúlówó rẹ̀ jẹ́? Mo gbọ́ yín sà. Èmi náà fẹ́ràn kí nǹkan wà bí ó ṣe ti ilé iṣẹ́ jáde. Ṣùgbọ́n rílè ṣeé fi pamọ́ sẹ́yìn páànù, fíùsì géètì ṣeé fi sábẹ́ àga, kò sì sí wáyà ilé iṣẹ́ tí ẹ máa gé. Ẹni tó bá fẹ́ kó padà sí ti tẹ́lẹ̀ lè tú u láàárín wákàtí kan. Àwọn tó ń ṣe wáyà tuntun fún ọkọ̀ àtijọ́ lókè òkun tilẹ̀ ń fi òwú hun ún lóde gẹ́gẹ́ bíi ti ọdún 1950, rọ́bà òde òní ló wà nínú. Ojú kò lè dá a mọ̀.

Màmá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ẹ wí o. Wọ́n ní tí àwọn bá ń yí súìṣì bátìrì lálaalẹ́, ṣé aago inú Mercedes àwọn kò ní máa dúró ni?

Yóò máa dúró, mà. Ẹ máa wo ti ọrùn ọwọ́ yín.